Omidùn tí ìyá ọkọ rẹ gbóòórùn rẹ̀

Lẹ́tà rẹ gùn, ìwọ tó pe ara rẹ ní Ìyá Pupa láti Mọ́níyà, ìyá ọkọ rẹ ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n wá kí yín láti Ṣakí, wọ́n bá adìẹ rẹ nínú àìsàn, wọ́n ní kí ẹ tètè dúńbú rẹ̀ kó tó kú dànù. Inú bí ọ. O ní Pupa kì í ṣe adìẹ ọbẹ̀, pé láti ọdún méjì tí o ti rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń ta adìẹ ẹlẹ́yin tó ti gbó, ó ń tẹ̀ lé ọ dé ilé ìdáná, ó sì mọ ohùn rẹ. Ìbéèrè rẹ ni bí o ṣe máa sọ fún Màmá pé ẹ ò ní pa á, láì dà bí ẹni tí kò lẹ́kọ̀ọ́.

Ìbéèrè yẹn lè dúró. O kọ gbólóhùn kan sínú lẹ́tà náà: "Wọ́n tiẹ̀ ní ẹnu rẹ̀ ń rùn bí omidùn." Èébú lo kà á sí. Èébú kọ́ rárá. Òun ni ọ̀rọ̀ tó wúlò jù nínú gbogbo ohun tí o kọ, Màmá tí ò ń bínú sí ló sì sọ ọ́. Láàárín ọjọ́ márùn-ún tí adìẹ yìí fi wú ìyẹ́ tó sorí kọ́, àwọn nìkan ni wọ́n sún mọ́ ọn débi tí wọ́n fi gbóòórùn ẹnu rẹ̀. Ìwọ tí o fẹ́ràn rẹ̀ ń da nǹkan sí i lẹ́nu ní tìrẹ.

Gbólóhùn kejì tí o fò kọjá nìyí: àpò gàrí dà nù ní sítọ́ọ̀, Pupa jẹ nínú rẹ̀ títí, ó lọ mumi, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò jẹun mọ́. Lẹ́yìn náà lo bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn aládùúgbò tó ní ojú ni wọ́n fi wò ó. Ṣé ìwọ tí ò ń fi gàrí mumi nílé rẹ kò mọ ohun tí gàrí ń ṣe bó bá pàdé omi ni? Ẹ̀kúnwọ́ kan á di mẹ́ta. Adìẹ kò ní eyín, oúnjẹ rẹ̀ kì í sì í lọ tààrà sí iwe. Ohun tó bá gbé mì á kọ́kọ́ dúró nínú àpò kan níwájú àyà, níbi tí ọrùn ti parí, ó tẹ̀ sí apá ọ̀tún díẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń rọ̀ kó tó máa sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ti Pupa wú síbẹ̀, ó dí ọ̀nà, ó sì ń kan. Nínú ìkan yẹn ni efu ti ń gbilẹ̀, irú efu tó máa ń mú ọmọ ọwọ́ lẹ́nu. Bó bá ti bo ara àpò náà, àpò kò ní lè ti oúnjẹ sísàlẹ̀ mọ́, òórùn omidùn á sì máa gba ẹnu jáde.

Nínú irú àpò bẹ́ẹ̀ lo ń da nǹkan sí. Mo ka nǹkan márùn-ún nínú lẹ́tà rẹ: epo pupa, omi ata, àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, glúkóòsì, àti kápúsù tetracycline méjì tí o tú sínú omi. O tún ní "ó ń tú jáde ní imú rẹ̀, ọ̀fun rẹ̀ sì ń hó," bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ṣí ẹnu ọ̀kan nínú àwọn adìẹ rẹ tára wọn le, kí o wo ẹ̀yìn ahọ́n. Wàá rí ihò kan tó ń ṣí tó ń pa dé. Ọ̀nà èémí nìyẹn, kò sì ní ìdérí bíi ti ènìyàn. Omi tí o bá rọ́ sí i lẹ́nu lójijì, ibẹ̀ ló máa gbà, ẹ̀dọ̀fóró ló sì máa bá a lọ. Ọ̀fun tó ń hó yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé epo rẹ ló ti débẹ̀. Irú lẹ́tà báyìí kì í wọ́n níbí, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn sì ń gbà: ẹni tó fẹ́ràn ẹran kò lè jókòó wò ó, ó fẹ́ rí i pé òun ń ṣe nǹkan, ohun tó sì wà lọ́wọ́ ló máa ń rọ́ sí i lẹ́nu. Dáwọ́ dúró. Má da ohunkóhun sí adìẹ yẹn lẹ́nu mọ́.

Tetracycline yẹn ńkọ́? Àgbàlagbà ènìyàn ni wọ́n wọn kápúsù pupa àti yẹ́lò yẹn fún. Adìẹ rẹ kò lè fi bẹ́ẹ̀ ju kílò méjì lọ. Oògùn náà kì í sì í pa efu. Àwọn kòkòrò rere tó ń bá efu jà nínú ìfun ló ń pa, efu á wá rí àyè gbilẹ̀ sí i. O san owó fún ohun tó ń ran àìsàn lọ́wọ́.

Lálẹ́ òní, yà á sọ́tọ̀ kúrò láàárín àwọn mẹ́ta yòókù. Wá páálí tó fẹ̀ débi tó lè yí ara padà nínú rẹ̀, kí o tẹ́ ìwé ìròyìn sí i, kí o lè rí ìgbẹ́ rẹ̀ kedere. Má tẹ́ koríko, ó lè ṣà á jẹ. Ara adìẹ gbóná ju ti ènìyàn lọ, ó máa ń tó nǹkan bí 41 lórí òṣùwọ̀n Celsius, èyí tí kò bá sì jẹun kì í rí ohun tí yóò fi gbé ooru yẹn dúró. Fi aṣọ wé ike omi gbígbóná kan, kí o gbé e sí igun kan ṣoṣo, kó lè sún kúrò níbẹ̀ bó bá gbóná jù. Kó oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀. Omi lásán ni kó wà níbẹ̀, láì sí glúkóòsì, láì sí oyin, torí ṣúgà ni efu ń jẹ.

Bí ilẹ̀ bá mọ́, fọwọ́ kan àpò náà kó tó mu omi. Ti adìẹ tára rẹ̀ dá máa ń ṣófo láàárọ̀. Wàá fọwọ́ wá a, o ò ní rí i. Gbé ọ̀kan nínú àwọn yòókù kí o fi wé e. Bí ti Pupa bá le bí ẹ̀bà àná, gàrí ṣì dì síbẹ̀. Kán omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àgógó rẹ̀, kó máa gbé e mì fúnra rẹ̀, mílílítà 5 péré, kí o fi ìka rọra máa tẹ̀ ẹ́ yíká fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí orí rẹ̀ wà lókè. Bó bá rọ̀ bí ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, tó ń mì, má fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ rárá. Omi kíkan ló wà nínú rẹ̀, yóò gòkè, yóò sì wọ ọ̀nà èémí. Ẹnìkan á sọ fún ọ pé kí o dorí rẹ̀ kodò kó lè bì. Má dán an wò. Bí adìẹ ṣe ń rì sínú omi ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbà á là nìyẹn.

Fọwọ́ kan ikùn rẹ̀ náà, láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Adìẹ tó ti yé ẹyin títí tó fi gbó, ẹyin lè máa jábọ́ sínú ikùn rẹ̀ dípò kó gba ìdí jáde. Ikùn á wú, á kún fún omi, ìfun á lọ́ra, àpò òkè kò sì ní lè tú. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, gàrí kọ́ ni olórí àìsàn rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì le ju bí a ṣe rò lọ. Fọwọ́ kan eegun àárín àyà rẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá ti mú bí ojú ọ̀bẹ, ó ti rù kọjá ohun tí a lè máa tọ́jú nílé.

Ọjọ́ márùn-ún ti lọ, kò sí ọjọ́ kẹfà fún ìdánwò. Adìẹ máa ń fi àìsàn pamọ́, èyí tó bá ti wú ìyẹ́ níṣojú ènìyàn ti ń ṣàìsàn tipẹ́. Mọ́níyà sí Òjòó, Òjòó sí UI, ojú ọ̀nà kan náà ni, ilé ìwòsàn ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn sì wà níbẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé o rí àyè lọ sọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, o ò rí àyè débẹ̀. Dókítà ẹranko lè ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ọ̀fun rẹ̀, kó fa omi kíkan náà jáde, kó fọ àpò, kó sì fún un ní nystatin, oògùn tí wọ́n ń kán sí ọmọ ọwọ́ lẹ́nu nítorí efu. Má lọ dá a rà. Orí ìwọ̀n ara rẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣírò rẹ̀. Bó bá padà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, oúnjẹ ẹlẹ́yin tí o fi omi pò kó rọ̀ ni kí o fún un, ṣíbí kan lẹ́ẹ̀kan, léraléra. Kò gbọdọ̀ rí gàrí, àmàlà, búrẹ́dì tàbí odindi àgbàdo títí dókítà yóò fi ní ó tó. Kí o sì so ẹnu àpò gàrí yẹn.

Ó kù sọ́rọ̀ Màmá. Kì í ṣe ìkà ni wọ́n ń ṣe. Lójú ẹni tó dàgbà sí ilé tí adìẹ ti jẹ́ owó àti oúnjẹ, kí a tètè pa èyí tó ń kú lọ ni àánú. Ṣùgbọ́n adìẹ tí oògùn yẹn ti wọ inú rẹ̀ kò ṣeé jẹ báyìí, iná ìdáná kì í sì í run gbogbo rẹ̀. Kúnlẹ̀, kí o sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn. Kí o sì fi kún un pé: "Màmá, ẹ̀yin lẹ gbóòórùn ohun tó ń ṣe é. Ẹ ṣeun mà." Èyí tó kù, ọkọ rẹ ni kó bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́.

Nǹkan kan wà tí o gbọ́dọ̀ bi ara rẹ léèrè. Bí ogbe orí rẹ̀ bá ń dúdú, tó ń la ẹnu mí, tó dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tí kò lè dìde, dókítà lè fi abẹ́rẹ́ jẹ́ kó sùn lọ láì jẹ̀rora. Má ṣe dá a dúró sínú ìnira torí kí o má bàa jẹ́ kí Màmá borí. Bó bá kú, gbẹ́ ilẹ̀ jìn kí o sin ín. Má sọ ọ́ sí gọ́tà, má sì fún ajá.

Kó ìgbẹ́ òru rẹ̀ sínú ọ̀rá, mú ike tetracycline náà dání, kí o kọ nǹkan márààrún tí o dà sí i lẹ́nu sílẹ̀ fún dókítà, àgbo náà kò gbẹ́yìn. Má fi ọ̀kan pamọ́ torí ìtìjú. Mọ́tò àkọ́kọ́ láàárọ̀ ni kí o wọ̀.