Ẹ gbé ọṣẹ yẹn sílẹ̀ ná

Bọ̀dá mi, ẹ fọkàn balẹ̀ díẹ̀ ná. Ohun tẹ́ ẹ sọ yẹn, pé orí nǹkan ọmọkùnrin yín pọ́n, ó ń yún yín, awọ ẹ̀ ń bó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tẹ́ ẹ sì ti gbé antibiotic mì lẹ́ẹ̀mejì láìṣàyẹ̀wò kankan, oṣù mẹ́rin gbáko lèmi fi jẹ nínú ẹ̀. Aago méjì òru màá ti ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀, màá tanná fóònù sí i, màá máa yẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. Kò sí àìsàn tí mo kà tí mi ò ní òun ló ń ṣe mí, kílẹ̀ tó mọ́ mo ti bá a dé HIV.

Mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo wá ń fi ọṣẹ apakòkòrò bó o láàárọ̀ lọ́sàn-án lálẹ́, bó ṣe ń ta mí ni mò ń sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Dókítà ní ẹ̀ẹ̀melòó ni mò ń fọ̀ ọ́ lójúmọ́, mo ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún, mo tiẹ̀ rò pé ó máa yìn mí ni o, ló bá gbé bírò ẹ̀ sílẹ̀ tó ń wò mí.

Wọ́n fi òwú nu ojú ẹ̀, wọ́n gba ìtọ̀, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Kò sí àtọ̀sí, kò sí syphilis, kò sí HIV. Candida ni, èbu kékeré tójú ò lè rí. Ó máa ń wà lára èèyàn tẹ́lẹ̀, àmọ́ tí ọṣẹ bá ti bó awọ, tàbí tí antibiotic bá ti pa àwọn kòkòrò tó ń ká a lọ́wọ́ kò, ó ráyè nìyẹn. Clotrimazole 1%, kírímù tó ń pa èbu yẹn, ni wọ́n ní kí n máa fi pa á lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, kí n máa fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ lásán ṣàn án, kó gbẹ dáadáa kí n tó wọ pátá. Tẹ́ ò bá kọlà, tẹ́ ẹ bá ti fa awọ iwájú yẹn sẹ́yìn, ẹ rí i pé ẹ dá a padà, torí tó bá há sẹ́yìn tó wú, ọsibítù lọ́jọ́ náà ni.

Kírímù àdàpọ̀ tí wọ́n ń tà ńkọ́, èyí tí oògùn sitẹ́rọ́ọ̀dù bíi clobetasol tàbí betamethasone wà nínú ẹ̀? Mo lò ó kí n tó lọ rí dókítà. Lọ́jọ́ kẹta ó dákẹ́ rọ́rọ́, mo ti ń dúpẹ́, bí mo ṣe dá a dúró báyìí ó padà dé, ó tún ràn dé ìdí itan. Ó kàn ń bo pípọ́n ẹ̀ mọ́lẹ̀ ni, kòkòrò ń jẹun lábẹ́ ẹ̀, awọ sì ń fẹ́lẹ́ sí i.

Tó bá jẹ́ egbò ni tí ò dùn yín rárá, ẹ má dúró o, bí syphilis ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, egbò yẹn á sì san fúnra ẹ̀, àmọ́ àìsàn ọ̀hún á ṣì wà lára, á máa wọlé lọ. Ọyún tó ń jáde tàbí ìléròrò tó kóra jọ tó ń ta yín náà, àyẹ̀wò ni kíá. Àmọ́ àwọn kókó kéékèèké tó tò yí ọrùn nǹkan ọmọkùnrin ká, tí ò yún tí ò dùn, bí wọ́n ṣe dá ọ̀pọ̀ ọkùnrin nìyẹn jàre.

Èyí tó wá bá mi lójijì ni pé oṣù méjì lẹ́yìn tó san, ó tún yọjú. Wọ́n ní kí n wá láìjẹun, wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi wò, 148 mg/dL. Wọ́n tún un ṣe lọ́jọ́ mìíràn, ó ṣì ju 126 lọ, ibi tí wọ́n ti ń pè é ní àtọ̀gbẹ. Ṣúgà tó ń bá ìtọ̀ jáde ló ń bọ́ Candida yẹn, mi ò sì mọ̀ rí pé mo ní àtọ̀gbẹ, abẹ́ mi ló kọ́kọ́ tú àṣírí ẹ̀. Ẹ yẹ tiyín wò kẹ́ ẹ tó tún ra kírímù kankan, tó bá sì ń yún ìyàwó yín náà, kẹ́ ẹ jọ lọ.