Ta Ni Yóò Máa Wo Kámẹ́rà Àdúgbò Yín?

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ onílé wa ní Tanke, Ìlọrin, ti dáwó jọ láti ra kámẹ́rà sójú pópó nítorí olè. Ẹni tó fẹ́ tà á fún wa ní gbogbo wa la ó máa wò ó lórí fóònù. Ìyá kan fárígá, ó ní yóò máa wo ẹ̀yìnkùlé òun. A ní ẹni tí kò ṣe ibi, kí ló ń bà á lẹ́rù? Irú èwo ni ká rà?

Ìdáhùn: Akọ̀wé wa, èyí tó bá ń ríran lóru, tí kò sì ní kú nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, ti tó. Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ sí ìyá yẹn ló ká mi lára, torí ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ láti Pákátà dé Gaa-Akanbi.

Ìyá náà lè ṣí ìbòrí nínú àgbàlá rẹ̀. Ó lè ṣe àlùwàlá, kó wẹ ọmọ, kó sá aṣọ. Èwo ni ibi níbẹ̀? Ní ìlú tí ẹlẹ́hàá pọ̀ bíi tiwa, ó yẹ kí èyí ti yé wa kí kámẹ́rà tó dé.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó kan ààbò gan-an. Kámẹ́rà tó kọjú sí ilé kan fún oṣù kan ti mọ aago tí baálé ń jáde, ọjọ́ tí ilé máa ń ṣófo, ọ̀nà tí ọmọ ń gbà bọ̀ láti iléèwé. Bí ogún onílé bá ní in lórí fóònù, awakọ̀ wọn, àwọn ọmọ wọn àti ẹni tó ń tún fóònù ṣe náà ti ní in. Olè tó bá rí ọ̀kan gbà nínú fóònù wọ̀nyẹn kò tún nílò alámì. Bí ẹ bá bo àṣírí ìyá yẹn, ara yín lẹ dáàbò bò.

Páásíwọ́ọ̀dù tó bá kámẹ́rà wá ńkọ́? Ẹ pa á dà lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e kọ́. Lọ́dún 2016, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Mirai tipa irú páásíwọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ gba àìmọye kámẹ́rà àti rẹ́kọ́dà tó ń tọ́jú fídíò wọn káàkiri ayé.

Ẹ má sì dá ọdẹ yín dúró. Nígbà tí adigunjalè ya wọ àwọn báńkì Ọ̀fà lóṣù kẹrin ọdún 2018, kámẹ́rà ká wọn, ọlọ́pàá sì fi àwòrán náà wá wọn. Ṣùgbọ́n èèyàn tó lé ní 30 ti kú.

Ẹ gbé tiyín sí géètì àdúgbò àti ìkóríta. Kí ẹni tó ń kọ́ ọ fi dúdú bo apá àwòrán tó bá kan àgbàlá ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ kámẹ́rà ló ní ètò yẹn nínú. Ẹni méjì péré ni kó mọ páásíwọ́ọ̀dù, kí wọ́n sì máa kọ ọjọ́ àti ìdí tí wọ́n fi wò ó sílẹ̀. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ẹ tètè da fídíò náà kọ, torí rẹ́kọ́dà máa ń pa ti àtijọ́ rẹ́ bí àyè bá kún.

Èmi kì í ṣe agbẹjọ́rò, ẹ bi wọ́n kí ẹ tó náwó. Abala 37 nínú ìwé òfin ọdún 1999 dáàbò bo àṣírí ilé ẹni, òfin ìdáàbòbò dátà, ìyẹn ìsọfúnni nípa ẹni, ti ọdún 2023 náà sì wà. Mi ò rò pé ẹgbẹ́ onílé lè sọ pé ọ̀rọ̀ inú ilé òun lásán ni, kí òfin má kàn án.

Kí ẹ sì lọ bẹ ìyá náà. Ẹ pè é sídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kọ́ ọ, kó fojú ara rẹ̀ rí ibi tí kámẹ́rà ń wò.