Màmá, ẹ fi ti bùútù sílẹ̀ ná

Màmá, ẹ ní gìgísẹ̀ ọmọ yín ọmọ ọdún 12 máa ń dùn ún tó bá ti bọ́ọ̀lù dé, ẹ wá ń bèèrè irú bùútù tẹ́ ẹ máa rà fún un. Mà á débẹ̀. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tójú tiwa rí.

Orúnkún ni ti ọmọ tèmi, ọdún 13 ló wà nígbà yẹn. Mọ́ńdè sí Fúráìdè akadẹ́mì bọ́ọ̀lù, Sátidé tíìmù iléèwé, Sọ́ńdè tá a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ó ti wà nídìí mọ́ńkí pósì. Èmi náà ń yangàn kiri àdúgbò. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tiro, kóòṣì ní ara ló ń dàgbà, kó fi Aboniki pa á. Ọmọ wá ń fi í pamọ́ fún mi o, torí àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù fẹ́ wá yan ọmọ. Alẹ́ ọjọ́ kan ló kúnlẹ̀ fún àdúrà, ló bá lọgun. Mo ká sòkòtò ẹ̀ sókè, kókó kan ti yọ nísàlẹ̀ orúnkún bíi kóró àgbálùmọ̀.

Ìyá mi ní ká gbé e lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń to eegun. Èmi ni mo dì í mú tí bàbá yẹn ń fi omi gbígbóná àti òrí tẹ kókó yẹn bí ẹni ń tẹ ẹ̀bà, ọmọ ń ké "Dádì, Dádì", mo ní kó ṣe ọkùnrin. Odidi ọ̀sẹ̀ kan kò lè gun àtẹ̀gùn, èmi ni mò ń gbé e lọ sílé ìyàgbẹ́ lóru. Dókítà tá a wá lọ bá, wákàtí 4 la fi jókòó dè é, kò lo ìṣẹ́jú 3 lọ́dọ̀ wa, ó ní eegun ò ṣẹ́, ó kọ oògùn ìrora, ó ní kẹ́ni tó kàn wọlé.

Físíò kan, ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú iṣan àti oríkèé, ló padà là wá lóye, ó ní Osgood-Schlatter ló ń jẹ́. Eegun ọmọdé ò tíì le tán níbi tó ti ń dàgbà, iṣan itan á máa fà á níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá sáré tàbí tó fò, tí ò bá sí ìsinmi ibẹ̀ á wú. Ti gìgísẹ̀ tó máa ń mú irú ọmọ yín ni wọ́n ń pè ní Sever, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n. Ó ní wákàtí tọ́mọ fi ń ṣeré ìdárayá lọ́sẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju iye ọdún ẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ ka ti mọ́ńkí pósì mọ́ ọn o! Mo ka tiwa, ó lé ní 18. Kó máa sinmi kúrò nínú bọ́ọ̀lù ní ọjọ́ 1 sí 2 lọ́sẹ̀, àti oṣù 3 lọ́dún, ẹ lè pín in ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Àwọn dókítà ọmọdé l'Amẹ́ríkà náà sọ bẹ́ẹ̀. Kóòṣì á ní ẹ ń ba ọjọ́ iwájú ọmọ jẹ́, ẹ má dá a lóhùn. Oṣù 5 ni tèmi fi jókòó, àwọn tó wá yan ọmọ wá, wọ́n lọ, kò sí níbẹ̀.

Píọ̀ wọ́tà tó dì, ẹ fi tówẹ̀lì wé e, ẹ gbé e lé ibi tó ń dùn ún fún ìṣẹ́jú 15, ká na iṣan, ẹ mọ ìyẹn.

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fún un lóògùn ìrora kó lè wọ pápá o. Tó bá jẹ́ òru ló ń dùn ún jù, tàbí tí ibà bá wà níbẹ̀, ẹ sáré gbé e lọ sọ́sípítù, ẹ sì mọ jínótáìpù ẹ̀. Ọmọ kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ń sọ pé bọ́ọ̀lù ló ń dùn ún lẹ́sẹ̀, SS ni.

Ẹ̀n-ẹ́n, bùútù. Èyí tí ò fún un, tí gìgísẹ̀ ẹ̀ nípọn díẹ̀, ẹ má ra onírin gígùn nísàlẹ̀, pápá wa le bíi símẹ́ǹtì. Ẹ lè ki fóòmù sí abẹ́ gìgísẹ̀ ẹ̀. Àmọ́ ẹ ò tíì sọ iye ọjọ́ tó fi ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́sẹ̀.