Ìkòkò Pueblo àti Ọ̀dà Òde Òní

Ìbéèrè: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo rí àwòrán ìkòkò kan tí Les Namingha, amọ̀kòkò ará Pueblo, ìyẹn àwọn ọmọ ìbílẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ṣe. Wọ́n ní ọ̀dà acrylic, irú èyí tí àwọn ayàwòrán máa ń lò lórí aṣọ kánfáàsì, ni ó fi kùn ún. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí a ṣì máa ka irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́ ìkòkò Pueblo?
Òǹkàwé láti Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Ó tọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kí olùtà fi pamọ́. Àwọ̀ tí àwọn Pueblo ti New Mexico àti Arizona jogún, èyí tí wọ́n ń rí láti inú òkúta lílọ̀ àti ewé sísè, ni wọ́n máa ń fi kun ìkòkò kí wọ́n tó sun ún, iná ni ó sì ń mú kí àwọ̀ náà wọ inú amọ̀. Acrylic kò lè fara da iná yẹn, nítorí náà ẹ̀yìn sísun ni ó ń dé ara ìkòkò.

Ṣùgbọ́n àwọn tí à ń pè ní àgbà iṣẹ́ yìí náà dá ọ̀pọ̀ ohun sílẹ̀ fúnra wọn. Ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Nampeyo, amọ̀kòkò ti abúlé Hano, wo àpáàdì Sikyatki, abúlé kan tí ó ti di ahoro, ó sì sọ ọnà ara wọn di tirẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1919 ní abúlé San Ildefonso, Maria Martinez ń mọ ìkòkò, ó ń fi òkúta mú un dán, ọkọ rẹ̀ Julian sì ń ya ọnà sí i. Wọ́n á wá fi imí ẹran gbígbẹ bo iná mọ́lẹ̀ títí ìkòkò yóò fi dúdú, tí yóò máa dán yinrin, àfi ibi tí Julian kùn. Ìkòkò dúdú yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ojúlówó lónìí!

Namingha kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ náà. Àǹtí rẹ̀ Dextra Quotskuyva, ẹni tí Nampeyo bí ìyá ìyá rẹ̀, ni ó kọ́ ọ. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lọ́wọ́ rẹ̀ ni bí ó ṣe ń fọ́ ọnà Sikyatki sí wẹ́wẹ́, tí ó ń tò wọ́n lé ara wọn, tí ìkòkò odindi fi dà bí èyí tí a fi àpáàdì bò.

Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ bi olùtà bóyá kí wọ́n tó sun ìkòkò ni wọ́n kùn ún tàbí lẹ́yìn náà. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn náà, ẹ má ṣe bu omi sí i, ẹ má sì fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́.