Kí o tó sanwó fọ́ọ̀mù ọ̀díṣọ̀n

Àbúrò mi, o ní Òṣogbo lo wà, o fẹ́ wá ṣe ọ̀díṣọ̀n fíìmù Yorùbá ní Èkó, wọ́n sì ní kí o kọ́kọ́ san ₦15,000 fún fọ́ọ̀mù. O tún fẹ́ mọ ohun tí àwọn tó ń yan òṣèré máa ń wò lára èèyàn.

Má san án. Ẹni tó ni fíìmù ló ń sanwó fún ẹni tó ń bá a wá òṣèré, kì í ṣe ẹni tí ń wáṣẹ́ kiri. Àwọn tó ń ta fọ́ọ̀mù yìí, fọ́ọ̀mù ọ̀hún gan-an ni fíìmù wọn. Irú wọn ti kó wa jọ rí sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Ìkẹjà: èrò kún gbọ̀ngán fọ́fọ́, wọ́n gbowó, wọ́n ya wá ní fọ́tò, a ò gbúròó fíìmù náà dòní. Èyí tó bá wá ní kí o dá wá bá òun ní yàrá lálẹ́ kí ẹ jọ jíròrò lórí ipa tí o máa kó, ìbáà ṣe ọkùnrin ni ẹ́ ìbáà ṣe obìnrin, má lọ.

Owó tí èèyàn fi ń wọṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá, ọ̀tọ̀ nìyẹn ṣá o. Iṣẹ́ tíátà tiwa kò fi ọ̀díṣọ̀n bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà tí Hubert Ògúndé ti dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, abẹ́ ọ̀gá lọmọ iṣẹ́ ti ń kọ́ ọ, títí dé orí àwọn caucus, ìyẹn ẹgbẹ́ òṣèré àdúgbò, bíi Odunfa ní Èbúté Mẹ́ta, níbi tí Yínká Quadri àti Táíwò Hassan tí gbogbo ayé mọ̀ sí Ògògó wà. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lójú: o mọ ilé ọ̀gá, o rí àwọn tó ti gba fírídọ̀ọ̀mù ṣáájú rẹ, o sì lè bi àwọn TAMPAN, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré àti olóòtú fíìmù Yorùbá, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun léèrè bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ púpọ̀ ni kì í dé ìgboro rárá. Ọ̀gá kan á pe ọ̀gá kejì lórí fóònù: "Fún mi lọ́mọ kan tó lè ṣe ìyàwó kékeré lọ́la." Ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ó ku inú yàrá ọ̀díṣọ̀n àti ohun tí wọ́n ń wò níbẹ̀. Nígbà tí òtẹ́ẹ̀lì Winis ní Sùúrùlérè ṣì ni ojúkò àwọn òṣèré, ibẹ̀ la ti ń gbọ́ ẹni tó ń wá èèyàn. Instagram àti WhatsApp ló kù báyìí, àmọ́ yàrá ò yí padà. Wọ́n á lẹ nọ́ḿbà mọ́ ọ láyà. Wọ́n á ti pa fáànù nítorí ohùn tí wọ́n ń gbà, òógùn á sì máa ro ọ́ lẹ́yìn. Sẹ́lótéèpù tí wọ́n lẹ̀ mọ́lẹ̀ ni ibi tí o máa dúró sí. Wà á sọ orúkọ rẹ, wà á yíjú sọ́tùn-ún, sósì, lẹ́yìn náà o lè má rí ìwé kankan gbà. Wọ́n lè kàn sọ pé: "Ọkọ rẹ ti lọ fẹ́ ẹlòmíì, o ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́. Ó yá." Ọ̀pọ̀ lókéṣọ̀n wa, ibi tí a ti ń ya fíìmù, ló jẹ́ pé ìtàn nìkan la mọ̀, òṣèré ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ wá ọ̀rọ̀ sí i. Ẹni tó bá há ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sórí wá látilé á wá dúró bí ère.

Irú ìran yẹn gan-an ni mo ṣe lọ́jọ́ kan. Mo sunkún, mo pariwo, mo gbá àyà. Ẹni tó ń bá wọn yan òṣèré, obìnrin kan tí kò rẹ́rìn-ín láti àárọ̀, ní: "Ó dáa. Tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ ń sùn ní yàrá kejì." Ni mo bá mú ohùn wálẹ̀ pátápátá, mo ń fi èékánná họ etí gèlè mi, mo ń bá ọkọ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń gbàdúrà. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọbìnrin tó ṣe ṣáájú mi mọ ẹkún sun jù mí lọ fíìfíì. Ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń sùn yẹn náà ni wọ́n sọ fún un, ó sì tún figbe ta bíi ti àkọ́kọ́. Ohun tí wọ́n ń wò nìyẹn. Lókéṣọ̀n, oòrùn ń lọ, epo jẹnẹrétọ̀ ń tán, dáírẹ́kítọ̀ kò ráyè ẹni tó ní ọ̀nà kan ṣoṣo.

Síbẹ̀ wọn ò fún mi. Ọmọdébìnrin tó ń kọ orúkọ lẹ́nu ọ̀nà ló sọ ọ́ fún mi nígbà tó yá pé ọkùnrin tí wọ́n ti mú ṣe ọkọ kò dé èjìká mi. Kò kan bí mo ṣe ṣe é rárá. Ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn náà ni ìpè ti wá lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, wọ́n ń wá nọ́ọ̀sì tó máa sọ gbólóhùn kan péré. Mo lọ. Nítorí náà, kí ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà dáadáa; òun ló máa wá nọ́ḿbà rẹ jáde, kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀.

Ní ti pé o fẹ́ wọkọ̀ wá láti Òṣogbo, kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba fídíò. Púpọ̀ nínú wọn ń gbà á. Kọjú sí fèrèsé, má kẹ́yìn sí i. Gbé fóònù sùn, má gbé e nàró. Jẹ́ kí ẹnì kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù kó máa dá ọ lóhùn, kí ohùn rẹ̀ má sì bo tìẹ. WhatsApp máa ń fún fídíò títí ojú á fi ṣú, torí náà fi í ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì. Bó bá jẹ́ Google Drive, ṣí i sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní líǹkì. Ẹni tó ní fídíò rẹpẹtẹ nílẹ̀ kò ní dúró máa tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ. Kí o sì fi orúkọ àti nọ́ḿbà rẹ pe fáìlì náà.