Àwọn tó jẹ ẹgbẹ́ àsàlátù lówó tí wọn ò wá mọ́

Ìbéèrè: Àsàláámù aláíkúmù, Alfa wa. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ àsàlátù àwọn obìnrin àdúgbò wa nílùú Iléṣà. Èrò ń dín kù lọ́jọọjọ́ Àìkú. Mẹ́ta nínú àwọn tí a yá lówó ẹgbẹ́ kò tilẹ̀ yọjú mọ́. Àwọn kan ní kí á fi owó tó wà nílẹ̀ dá aṣọ ẹgbẹ́ kí jámáà lè wúyì. Èmi ní kí á máa fi bẹ aláìsàn wò, kí á sì máa bá wọn ra oògùn. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ àwọn tó wà ní ọsibítù kì í ṣe Mùsùlùmí, pé kò sí làádá níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé a lè fi owó sàkà ṣe é?

Ìdáhùn: Wà aláíkúmù sàláàmù, ìyá wa. Kí Ọlọ́run gbà á ní ìbáàdà.

Làádá wà níbẹ̀. Nínú Súrátù Insáánù (76:8-9), Ọlọ́run yin àwọn tó ń bọ́ aláìní, ọmọ òrukàn àti ẹni tí wọ́n mú lẹ́rú, tí wọ́n ń sọ pé nítorí Ọlọ́run làwọn fi ń bọ́ wọn, àwọn ò retí ọpẹ́. Àwọn kan nínú àwọn àgbà aṣàlàyé sọ pé kèfèrí ni ẹrú ogun ìgbà náà. Àti pé ní Iléṣà yìí, ta ni kò ní ọmọ ìyá tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì?

Sàkà, ìtọrẹ ọ̀ranyàn, ló yàtọ̀. Ọlọ́run ti ka irú ẹni mẹ́jọ tí a ń fún (9:60), ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò sì gbà kí á mú un fún aláìsàn tí kì í ṣe Mùsùlùmí kìkì nítorí pé ó tálákà. Owó sàárà, ìtọrẹ àtinúwá, ni kí ẹ fi tọ́jú onítọ̀hún. Mùsùlùmí tó tálákà tàbí tí gbèsè ọsibítù wọ̀ lọ́rùn lè gbà nínú sàkà. Àpò méjì, ìwé méjì, ẹ má pa wọ́n pọ̀.

Ní ti aṣọ ẹgbẹ́, n kò pè é ní èèwọ̀. Ìyàwó tèmi náà ní tó mẹ́fà nínú àpótí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò rówó aṣọ yóò tún jókòó sílé, èrò yóò sì túbọ̀ dín.

Àwọn mẹ́ta yẹn ló ká mi lára. Ìyá, àwa Ìjẹ̀ṣà la ni Òṣómàáló. Àwọn bàbá wa a tajà láwìn káàkiri, wọ́n á sì padà wá lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde. Ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣì wà lára wa! Àmọ́ Ọlọ́run ní bí ọwọ́ onígbèsè bá há, kí á lọ́ ọ lára di ìgbà tí ara yóò dẹ̀ ẹ́, pé bí a bá fi ta á lọ́rẹ, ó dára jù fún wa (2:280). Ẹni tó bá ní tí kò fẹ́ san, ìyẹn ń ṣàbòsí, ẹ lè bi í. Kí ẹ kọ́kọ́ mọ èwo ni tiwọn. Bí ẹ bá fẹ́ fi jì wọ́n, gbogbo ẹni tó dá owó náà ní láti fọwọ́ sí i. Ẹ má sì kà á sí sàkà, torí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà kí á fa gbèsè rẹ́ kí á pè é ní sàkà.

Obìnrin kan wà ní Mẹ̀dínà tó máa ń gbá mọ́sáláṣí. Búhárì àti Múslímù, àwọn onímọ̀ tó kó hádíìsì jọ, ló gba ìtàn rẹ̀ wá. Nígbà tó kú, wọ́n sin ín láìsọ fún Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ànábì ni kò rí i, tó béèrè rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ pé ó ti kú, ó ní kí ló dé tí wọn kò sọ fún òun, ó ní kí wọ́n júwe sàréè rẹ̀, ó sì lọ kírun sí i lára níbẹ̀. Ìyá, ta ló ti béèrè àwọn mẹ́ta yín, yàtọ̀ sí ìwọ akápò?

Ẹ jẹ́ kí ìbẹ̀wò yín ti ọ̀dọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ kó tó kan ọsibítù. Ẹ lọ ní méjì méjì, kó tó di ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí ẹ sì fi ìwé gbèsè sílẹ̀ nílé.