Ohùn tó ń yapa sí ẹnu
Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè ohun tí kì í fi í jẹ́ kí ohùn bá ẹnu òṣèré mu ní ilé sinimá àwọn ìlú kéékèèké Amẹ́ríkà ní nǹkan bí 1929. Àwo orin ló fà á. Nínú ètò Vitaphone, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń gbé ohùn sí sinimá nígbà náà, ohùn ò sí lára fíìmù rárá. Inú àwo ńlá oní-ínǹṣì 16 ló wà, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì ń ti àárín bọ̀ wá sí etí àwo. Bí abẹ́rẹ́ bá fò pẹ́nrẹ́n, obìnrin á yanu, ohùn ọkùnrin á jáde! Bí fíìmù bá já ńkọ́? Àfi kí wọ́n fi fíìmù dúdú tí gígùn rẹ̀ bá èyí tó bàjẹ́ mu dí i, kí àwòrán má baà yapa sí ohùn inú àwo. Àwọn tó ń tẹ dùrù sí sinimá tí kò fọhùn ló ṣe mí láàánú jù. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn nígbà tí sinimá olóhùn dé.